Ẹni Tó Kí Ọ̀gá Àgbà

Nígbà tí mo ń sọ yìí, Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀ ni, sójà ló sì wà lórí oyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní Adó lónìí, ẹ kò lè mọ bí ẹ̀rù ṣe ń ba ènìyàn tó láti la ẹnu.

Èmi ni olórí ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá. Ní ọlidé gígùn, wọ́n máa ń kó àwọn kan lára wa lọ sí Ìyìn láti kọ́ iṣẹ́ ìwádìí: bí a ṣe ń jókòó ti àgbẹ̀ tàbí opó, kí a bi í léèrè ohun tó ń dà á láàmú, kí a sì wá ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ wa fi lè ràn án lọ́wọ́. Lọ́dún náà, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ní ọmọ àwọn ènìyàn ńlá nìkan ni yóò lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọra, ṣùgbọ́n Dèjì ló dùn jù. Ọmọ Òkè-Ìlá, àdúgbò kan ní Adó, ni, ọmọ ìjọ Àgùdà. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti lé bàbá rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bàbá náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

"Mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú irú bàbá mi sọ̀rọ̀," bẹ́ẹ̀ ni Dèjì wí fún mi.

Wọ́n ti fòfin de orin àti ariwo nínú ọgbà. A wá pinnu láti fi ohun tí a kọ́ ní kíláàsì jà. Olùkọ́ wa máa ń sọ pé bí o bá jókòó, tí o dákẹ́ dáadáa, ẹni tó wà níwájú rẹ yóò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, a lọ jókòó sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa láàárọ̀, a sì pa ẹnu mọ́.

Ọ̀gá àgbà jáde. Orí rẹ̀ ti funfun. Ó dúró, ó ń retí ìkíni, àwa sì ń wo ilẹ̀. Nínú gbogbo ọgbọ́n wa, kò sí ẹni tó rántí pé ọmọ Yorùbá kì í rí àgbà láàárọ̀ kó dákẹ́.

"Ṣé wọn kì í kí ènìyàn nílé tí ẹ ti wá ni?"

Ara Dèjì kò gbà á. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú sí wa."

Ọ̀gá nàka sí i. "Ìwọ lo ń gbẹnu sọ fún wọn. Ìwọ ni olórí wọn."

Mo fò dìde, mo ní èmi ni olórí. Ó ní ẹni tí kò mọ ìkíni kò lè mọ òótọ́ sọ. Ẹyin lohùn; ó ti balẹ̀.

Wọ́n ní kí èmi lọ rọ́kún nílé fún sáà kan. Dèjì ni wọ́n lé pátápátá. A rán àwọn àgbààgbà ìlú lọ bẹ̀bẹ̀, pàbó ló já sí. Mo lọ kí ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ìlá. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ó wí. "Mo kọ́ ọ ní ulé pé kó máa kí àgbà. Ṣé kí n má kọ́ ọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní.

Nígbà tí ọlidé mìíràn dé, wọ́n ṣí ẹ̀kọ́ ìwádìí náà sílẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn ni ìjà wa mú wá, òun lẹ sì ń jẹ lónìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pe Dèjì padà, kò sí ẹni tó ní kó má bínú. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ lóko iṣu wọn lọ́nà Ìyìn. Bàbá náà kú láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnì kan. Wọ́n ní Dèjì fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ fọhùn mọ́.

Mo gbọ́ pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ yín níbẹ̀ báyìí ni pé kí ẹ kí ènìyàn dáadáa kí ẹ tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí Ìyìn, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó ń dá ṣiṣẹ́ lóko iṣu, tó dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, kí ẹ kí i.