Ibi tí Omi Òkun ti Dákẹ́

Mo rántí ìgbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi, olùkọ́ ìṣirò, kó àwọn ọmọ kíláàsì wa láti Bìní lọ wo òkun ní Èkó. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ wọn, mo sì ti fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù ya òkun sójú bọ́ọ̀dù títí mo fi gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Ìlú náà ń gbòòrò nígbà yẹn. Ọkọ̀ òkun tò lọ rẹrẹ ní èbúté, ilé ìtura ń yọ bí olú, èrò ìgbafẹ́ sì kún orí iyanrìn. Àmọ́ n kò rí ẹnikẹ́ni tó ń ṣọ́ omi, kò sì sí àkọlé tó sọ ibi tí a kì í wẹ̀.

Lọ́tùn-ún lósì, ìgbì ń hó, ó funfun. Láàárín wọn ni ibì kan wà tí omi ti pa rọ́rọ́. Ibẹ̀ ni mo ní kí àwọn ọmọ tò sí ní méjì-méjì, kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, kí omi má kọjá orúnkún.

Ìyá kan tó ń yan ẹja nítòsí pè mí. "Tíṣà, ẹ kó àwọn ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀. Ibi tó dákẹ́ yẹn ló ń fa èèyàn lọ."

"Ẹ ṣé, màmá. Mo mọ̀ nípa òkun."

Olùkọ́ ìṣirò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá jọ́gíráfì, ṣé ojú bọ́ọ̀dù lẹ ti mọ̀ ọ́n? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti màmá."

Mo ṣì ń ṣàlàyé fún un nígbà tí omi fa ọmọbìnrin méjì kúrò lórí ìlà. Ọ̀rẹ́ mi sáré wọ inú omi tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ó ti àwọn ọmọ náà síbi okùn tí àwọn apẹja jù sí wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni kò padà wá. Àwọn àgbà ní àìgbédè ẹga la fi ń sọ pé ẹga ń pàtótó. Èmi gbọ́ ariwo ìgbì, mo pè é ní ewu. Mo rí ìdákẹ́jẹ́, mo pè é ní àlàáfíà.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Etí òkun náà ti di àwòṣífìlà, àwọn tí mo kọ́ a sì máa fi àwòrán ọmọ wọn ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀. Èsì kan náà ni mo máa ń fún wọn: ẹ kọ́kọ́ bi àwọn apẹja.

Opó ọ̀rẹ́ mi ń gbé ní Upper Sakponba ní Bìní níbí, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì ń lọ. Lọ́dọọdún ló máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọkọ òun kò dá wà lọ́jọ́ náà. Kò béèrè rí ẹni tó yan ibi tó dákẹ́ yẹn fún àwọn ọmọ. Èmi á ní, "Ẹ má dúpẹ́ mọ́, ìyàwó wa." Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé e, n kò tíì sọ ọ́.