Èèpo Iṣu Ìyá Àbẹ̀ḿbí

Láti ìgbà tí Zùwáírátù ti ń sin àgbò lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Agbowó, Ìyá Àbẹ̀ḿbí, opó tó ń dá gbé ní ìkángun àdúgbò, kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kó má gbé èèpo iṣu wá fún wọn. Á nawọ́ gba orí géètì, á bá àgbò kọ̀ọ̀kan ṣàwàdà, á sì rọra padà sílé.

Ìgbà tó yá ni Hamidah, olùwádìí kan láti yunifásítì, gbé oúnjẹ ẹran tí wọ́n po ìyẹ̀fun kan mọ́ dé. Ó ní afẹ́fẹ́ kan wà tó máa ń bá ìgùnfẹ̀ ẹran jáde, tó ń dá kún ooru tó mú gbogbo ayé. Ìyẹ̀fun náà yóò dín in kù. Ìgùnfẹ̀ àgbò Agbowó náà kúkú ti di ọ̀ràn gbogbo ayé! Zùwáírátù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ooru ti pa méjì nínú àgbò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ló bá gbà. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹran ò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun ọ̀hún ṣiṣẹ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Àbẹ̀ḿbí gbé èèpo dé lọ́jọ́ kejì, ibi tí Zùwáírátù ti ń bu oúnjẹ ẹran ló ti pariwo, kò tilẹ̀ ṣí géètì: "Ìyá, ẹ má bínú, ẹ má kó èèpo wá mọ́ o!"

"Ṣé mo fi nǹkan sí i ni?" Ìyá Àbẹ̀ḿbí gbé èèpo rẹ̀, ó padà.

Láti ọjọ́ náà, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Zùwáírátù a wo géètì, ojú a tì í, a ní bó dọ̀la òun á lọ bẹ̀ wọ́n. Ọ̀la ò sì tán.

Nígbà tí Hamidah padà wá wọn afẹ́fẹ́ náà, inú rẹ̀ dùn. "Ó dín kù, mà! Ẹ lè fún wọn léèpo báyìí."

Kíá ni Zùwáírátù gba ọ̀dọ̀ Ìyá lọ. Ó kànlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn aládùúgbò ló bá a jálẹ̀kùn.

Ilẹ̀ ni wọ́n bá Ìyá, ara rẹ̀ gbóná janjan, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò lè dìde. Ká ní èèpo ṣì ń wá lójoojúmọ́ ni, ọjọ́ tí kò bá dé ni Zùwáírátù ì bá ti fura. Àpò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kún fún èèpo iṣu tí wọ́n ti sá gbẹ.

"Mo ń kó o pa mọ́ de àwọn àgbò," Ìyá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé wọ́n ti lè jẹ ẹ́?"

Zùwáírátù kúnlẹ̀, ó bu omi sí Ìyá lẹ́nu. "Wọ́n ti lè jẹ ẹ́, Ìyá."