Ìdèrè Kì Í Ṣe Mẹ́kà

Ní Ìgbó-Ọrà tiwa, ẹni tó bá ra bàtà kan ṣoṣo fún ìbejì ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Méjì-méjì là ń ra nǹkan. Bí wọ́n bá na ọ̀kan nílé-ìwé, èkejì á ti máa sunkún dè é nílé. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í bi ìbejì ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn ti dáhùn fún àwọn méjèèjì.

Àṣà yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin.

Obìnrin ni wọ́n, wọ́n sì ti tó ẹni tí ń lọ sílé ọkọ. Ọ̀kan ń rìn bí ẹni tí ọjà fẹ́ tú mọ́ lójú. Èkejì, tí mo máa ń pè ní ọ̀rẹ́ mi, kò lè dá rìn láti kékeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kó tó dé ìdajì, ìkejì rẹ̀ á ti bá a sọ ọ́ parí. Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ yẹn dá ṣáká. Bí wọ́n bá ti fi àga onítáyà rẹ̀ tì í dé abẹ́ àtíbàbà àwọn tó ń yan gaàrí lẹ́yìn ilé, ẹ̀gẹ́ ló máa ń bó títí di ọ̀sán. Èmi tí mo kàwé, bí mo bá bá a du bíbó, ìka ara mi ni mo máa gé.

Ọkọ dé láti Ìdèrè, ìlú tó múlé tì wá, fún ìkejì rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n mi pè wá jọ sí pálọ̀. Ó ní àwọn àna ti palẹ̀ yàrá kan mọ́ fún ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ tí ìyàwó bá ń lọ, àwọn méjèèjì ni yóò jọ lọ.

"Bàbá Ìbejì," mo ní, "ṣé ọkọ ìyàwó mọ̀ pé méjì là ń kó bọ̀? Àbí ènì lẹ fẹ́ fi ọ̀rẹ́ mi ṣe?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá kú lónìí, ta ni yóò máa wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀? Ìkejì rẹ̀ ló ń ṣe é. Mi ò lè ya ìbejì."

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bẹ nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó láàárín wa, kò sì sẹ́ni tó kọjú sí i. Mo yíjú sí i.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé wàá lọ?"

"Ó máa lọ, Àǹtí," ni ìkejì rẹ̀ wí.

"Pa ẹnu dé jàre, ìyàwó. Ẹnu tìrẹ ti lọ́kọ."

A dúró. Adìẹ kan wọlé, ó yẹ ìdí àga wò, ó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́, ó wo òkè àjà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ dé:

"Mi ò... mọ... Ìdèrè."

"Ìdèrè níbí?" bàbá rẹ̀ ní. "Ìdèrè tí a ń gbà kọjá?"

"A ń gbà á kọjá," mo ní, "ẹ ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀ rí. Ṣé ẹ̀yin lè ra iṣu tí ẹ ò fojú rí?"

Bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe lọ wò ó nìyẹn, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ìyá ọkọ ìyàwó pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn dáadáa. Yàrá náà mọ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì ní àtẹ̀gùn tó lè dá àga onítáyà dúró. Lẹ́yìn ilé, àwọn obìnrin yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká. Ọ̀rẹ́ mi nawọ́ sí ọ̀bẹ kan. Ìyá náà yára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá o, ọmọ mi! Níbí, o ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ẹyin la ó ṣe máa gbé ọ."

Ó dúpẹ́, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo bi í pé kí ló dára níbẹ̀. "Yàrá. Ìyá... náà." Mo bi í pé kí ni kò dára. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó dáhùn.

"Ọwọ́ mi... ńkọ́?"

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò lọ. Tíì tutù nínú ife kó tó sọ ọ́ tán, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ ọ́.

"Ta ni yóò máa wẹ̀ ẹ́?" bàbá rẹ̀ bi í. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òun ní èsì rẹ̀. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé, sí opó kan tó ń yan gaàrí níbẹ̀, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti tiwa níyà.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Mo máa sọ fún un kó máa wá."

"Ẹ bi í ni o, Bàbá Ìbejì," mo ní. " Òun náà lẹ́nu."

Opó náà wọlé, ó ń gbọn gaàrí kúrò lára ìró. "Ẹ̀yin ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí? Ọmọ yín ti bi mí látìgbà tí ọkọ ti dé. Mo ti gbà, bí kò bá ṣáà ní máa bú mi pé ọwọ́ mi tutù."

Ìkejì rẹ̀ bú sẹ́kún. "Ta ni yóò wá máa di irun fún ẹ?"

"Ìwọ. Ìdèrè... kì í..."

Ìyàwó ya ẹnu láti bá a parí ẹ̀, ó tún pa á dé.

"...ṣe Mẹ́kà."

Fìlà bọ́ lórí ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, mo yà sábẹ́ àtíbàbà. Ọ̀rẹ́ mi ti wẹ̀, ó ti jókòó ti ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, báwo ni ilé ṣe rí láìsí ìyàwó?"

"Yàrá... náà..."

"Ó dá páropá—"

Ó na ọ̀bẹ sí mi. Èmi náà ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń dúró dè é.

"...fẹ̀," ó ní, ó sì ju ẹ̀gẹ́ tó bó sínú abọ́.