Ọ̀pá Oparun Nígbà Ààwẹ̀

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun lé wa kúrò l'Ékòó wá sí Ẹ̀pẹ́, ọkọ mi ń wo màlúù sàn, èmi ni mo sì ń tọ́jú ohun èlò rẹ̀. Mo ń pọ́n ọ̀bẹ, mo ń fi epo pa á, nítorí atẹ́gùn ọ̀sà kì í jẹ́ kí irin sinmi. Ọ̀pá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ onihò kan wà tí ọkọ mi máa ń tì bọ ẹ̀gbẹ́ màlúù tí ikùn rẹ̀ bá wú, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ jáde. Òkè ààrò ni mo ń há a sí, kí èéfín lè máa lé kòkòrò. Láràárọ̀ ni mo ń fẹnu fẹ́ ẹ wò, bóyá ó dí.

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, ọkọ mi ní kí n má fi nǹkan kan ẹnu lọ́sàn-án mọ́. Mo wá ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìṣínu.

Ní ọ̀sán kan, ìyá àgbà tó ń ta ẹja yíyan ládùúgbò wa sáré wá pè wá. Màlúù kan ṣoṣo tó ní, tó tún lóyún, ti jẹ ewé ẹ̀wà tútù. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ti wú kọjá ọ̀pá ẹ̀yìn, ó yọ ahọ́n síta. Ọkọ mi fi ọ̀bẹ kan awọ rẹ̀.

“Gbé ọ̀pá wá.”

Mo gbé e sẹ́nu.

“Ààwẹ̀ ńkọ́?” ni ọkọ mi bi mí.

“Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná.”

“Ìgbà tí màlúù mi bá kú tán,” ni ìyá náà wí, “kí ẹ wá parí wáàsí yín.”

Mo fẹ́ ẹ. Èémí mi padà sí mi lẹ́nu. A kì í dáná lọ́sàn-án nígbà ààwẹ̀, kò sì sí èéfín lókè ààrò; agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú rẹ̀ láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán.

Ọkọ mi gbé ọ̀bẹ kúrò. Bó bá gún un láìsí ọ̀pá, ojú ihò á padé, ìdọ̀tí á sì dà sínú ara ẹran náà. Màlúù kúnlẹ̀. Mo ti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ ọ̀pá, ìgbálẹ̀ náà kán. Ìyá náà fa igi tó fi ń gún ẹja yọ láti inú agbọ̀n rẹ̀, ó jù ú sí mi. Mo fi í gún amọ̀ náà títí ó fi fọ́, mo tún fẹ́ ẹ, mo tu erùpẹ̀ dànù. Afẹ́fẹ́ kọjá.

Ọkọ mi gún un, ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ rọ́ jáde.

“Òórùn yìí nìkan tó láti ba ààwẹ̀ jẹ́,” ni ìyá náà wí.

Màlúù kò dìde. Mo fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ sún. Kí n má baà fún ìyá náà ní ìrètí asán, mi ò sọ fún un títí màlúù fi dìde, tó sì dá oúnjẹ inú rẹ̀ padà sẹ́nu, tó ń jẹ àpọ̀jẹ.