Ìgò Tòmátò Mọ́fẹ́yìsára

Ó ti rẹ Bólúwají kí ó tó kúrò nílé. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n sin Mọ́fẹ́yìsára ìyàwó rẹ̀, oorun ò kun ojú rẹ̀ mọ́. Ó ń lẹ táyà ní Ìgbògbò, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nígbà tí Màmá Agnes pè é láti Ẹ̀pẹ́ pé ẹrù ìyàwó rẹ̀ kan ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ àwọn, ó rò pé bàtà ni. Ó wọ ọkọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, ó gbé orí ti fèrèsé.

Màmá Agnes ló ni ilé wáìnì tí Mọ́fẹ́ ti ń dáná. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ó lo ogún ọdún ní Ítálì kó tó padà wá gbin àjàrà sẹ́bàá ọ̀sà. Bí àwọn ará Ítálì ṣe ń pọn wáìnì ló ń pọn tirẹ̀, oúnjẹ wọn ló sì ń tà. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, tábìlì gígùn kan ṣoṣo ni, lábẹ́ ibòji àjàrà. Oníbàárà, òṣìṣẹ́, ẹbí òṣìṣẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Ọdún méjì gbáko ni Mọ́fẹ́ fi bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó wá jẹun níbẹ̀. Ọdún méjì náà ló fi dáhùn pé ó rẹ òun.

Ó wá dé lónìí. Kò tíì kí wọn tán tí wọ́n ti fà á jókòó. Wọ́n gbé búrẹ́dì wá àti òróró ólífì tí wọ́n ń kì í bọ̀. Wọ́n bu wáìnì pupa fún un. Ó tọ́ ọ wò. Ó kan díẹ̀, ó korò díẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀.

Fàsásì, bàbá tó ń kó ẹja ọ̀sà wá fún wọn, ló jókòó tì í. Mùsùlùmí ni, sóbò ló wà nínú ife tirẹ̀. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ìwọ wá ni Ọkọ Ó-rẹ̀-mí?"

Bàbá náà rí i pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní kó má bínú, ẹ̀rín ni Mọ́fẹ́ fi máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Èmi náà ni, bàbá."

Màmá Agnes gbé ìgò kan wá. Lásìkò tí tòmátò bá pọ̀, wọ́n máa ń sè é, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á dé e pa, kí wọ́n lè máa jẹ ẹ́ yípo ọdún. Ọgọ́ta ìgò ni Mọ́fẹ́ rọ. Ó so òwú pupa mọ́ ọrùn wọn, torí pé ó máa ń fi ata rodo sí tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ti jẹ mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

"Tìẹ ni," Màmá Agnes wí. "Bó o bá fẹ́, gbé e lọ sílé. Bó o bá ní ká ṣí i, gbogbo wa la máa jẹ ẹ́. Kò sí òmíràn mọ́."

Bólúwají gbé e lé orúnkún. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó gbé e lọ. Bó bá tán, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀. Kò ní ṣí i láéláé. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò gbé e sí, yóò máa wò ó títí yóò fi bàjẹ́. Àwọn tó wà nídìí tábìlì ń ṣe bí ẹni tí kò wò ó.

"Ẹ ṣí i, mà."

Wọ́n dà á sórí sìpàgẹ́tì àti ẹja. Òkèlè kìíní dùn lásán. Èkejì ni ata wọlé. Ó mọ ata yẹn. Òun ló máa ń ráhùn sí nílé. Kò ráhùn lónìí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu àwo. Fàsásì ń fa imú, ó ní obìnrin yẹn ò tíì jáwọ́ lára àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bólúwají rín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó ń lọ, Màmá Agnes fọ ìgò náà, ó fi í lé e lọ́wọ́ tòun ti òwú rẹ̀. Bólúwají gbé e dé ẹnu géètì, ó padà.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbí, mà. Ìgbà tòmátò ń bọ̀."

"Ta ni yóò rọ ọ́?"

"Ẹ ó kọ́ mi."

Ọkọ̀ ò tíì dé Ìtòkín lọ́nà ilé tí oorun ti gbé e lọ.