Ooru Sókótó, Ooru Ìkàrẹ́

Bí òjò bá fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún ní Ìkàrẹ́, òórùn kan máa ń jáde láti ara àwọn àpáta tó yí ìlú ká, òórùn òkúta gbígbóná tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí, tó dà pọ̀ mọ́ ti koríko tútù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ooru á wá dé. Kì í ṣe ooru tó ń jóni, ooru tó ń lẹ̀ mọ́ni ni. Ẹ̀wù á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, tówẹ́ẹ̀lì tí o fi nura láàárọ̀ á ṣì tutù nírọ̀lẹ́, iyọ̀ inú agolo á máa ṣomi. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, Sókótó ni mo máa ń rántí, níbi tó jẹ́ pé eruku gbígbẹ ló ń kọ́kọ́ pàdé imú èèyàn.

Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa débẹ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, ìyá mi wá láti Ọ̀kà, nítòsí Ìkàrẹ́, láti bá mi wẹ ọmọ. Àgbẹ̀ ni, orí òkè ni wọ́n bí i sí, kò sì kọjá Lọ́kọ́ja rí. Ẹ̀rù ohun tí ooru máa ṣe fún un ń bà mí, àmọ́ ńṣe ló ń wo ooru náà bí ẹni tó rí ẹranko àjèjì. Á sá ìlédìí ọmọ sórí okùn, kó sì tó sá èyí tó kẹ́yìn, ti àkọ́kọ́ á ti gbẹ táútáú. Ó bu omi mu nínú àmù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró, ó tún wo inú àmù. "Ta ló ń fi yìnyín sí i?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ara ìyá mi fúnra rẹ̀ ló yà á lẹ́nu jù. Á fọwọ́ pa iwájú orí, á wá tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Níbo ni òógùn mi ń lọ?" ló bi mí. "Ooru yín yìí ò burú o. Tilé ló burú."

Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Nítorí pé kò rí òógùn, kò ka omi mímu sí nǹkan kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ ra ọṣẹ ọmọ lọ́jà tó wà nítòsí wa, ó sì rìn yí ọjà náà ká, torí pé gbogbo nǹkan ló ń wù ú wò. Nígbà tó padà dé, ètè rẹ̀ ti là, ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Ó ní orí ń fọ́ òun. Bó ṣe fẹ́ jókòó báyìí, ó ṣubú lulẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná, ó sì gbẹ bíi bébà. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo figbe ta.

Aládùúgbò wa ló sáré wọlé, obìnrin Haúsá kan tó ń ta aṣọ, tó sì ti kọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó rẹ aṣọ ńlá kan sómi, ó fi bo ìyá mi láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ó tún rẹ òmíràn, ó fi kọ́ ojú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kò pẹ́ rárá tí yàrá náà fi tutù bí abẹ́ igi. Nígbà tí ìyá mi lajú, obìnrin náà po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ẹ ń làágùn o," ló ń wí. "Oòrùn ibí ló ń jí i gbé. Kí ẹ tó rí i, ó ti lọ."

Ọkọ mi dé, a gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì sọ fún wa pé aṣọ tútù yẹn ló yọ ọ́. Ìyá mi lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ wa. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tó máa lọ tí kò ní gbé ife omi dání, òun àti aládùúgbò wa sì di kòríkòsùn.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí a padà wálé, tí mo sì ti ń kọ́ni ní Ìkàrẹ́, aládùúgbò náà wá kí wa láti Sókótó. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Ó wo gbogbo igi tó wà láyìíká, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí lẹ̀yin ń pè ní ooru?"

Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá, oòrùn sì yọ. Iná lọ, fáànù dúró. Nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé, orí sìmẹ́ǹtì ni mo bá a, òógùn ti mú un rin gbingbin bí ẹni tí òjò pa, ó ń mí gúlegúle. Ó ti rẹ aṣọ, ó ti fi kọ́ ojú fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe nílé, àmọ́ aṣọ náà kàn ń kán tó tó ni, yàrá sì wúwo bí ilé tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀bà fún ogún èèyàn.

"Omi ń jáde lára mi, kò lọ," ló wí, ojú rẹ̀ kún fún ìbẹ̀rù. "Ṣé àìsàn ni?"

N kò mọ èyí tí mo lè ṣe. Mo pe ìyá mi lórí fóònù.

"Yọ aṣọ yẹn kúrò!" ló ké mọ́ mi. "Omi ti pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tiwa, má fi kún un mọ́. Ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn, kó o máa fẹ́ ẹ. Tó bá ti fara balẹ̀, mú un wá bá mi."

Mo fi aṣọ gbígbẹ nu ara rẹ̀, mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ títí apá fi ń ro mí. Díẹ̀díẹ̀, èémí rẹ̀ wálẹ̀. A wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà nírọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ sì ṣe ń gun òkè ni afẹ́fẹ́ ń yí padà, tí obìnrin náà ń gbé orí sókè, tó sì jókòó dáadáa. Ìyá mi ti tẹ́ ẹní síwájú ilé, níbi tí atẹ́gùn òkè ń gbà kọjá. Ó fà á mọ́ra, ó gbé omi fún un, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

"Tiyín le jù, Màmá. Ó ń di èèyàn mú."

"Ẹ̀n-ẹ́n, tiyín ni. Tiwa ń pariwo kó tó ṣe nǹkan. Tiyín dákẹ́ títí ó fi fẹ́ẹ̀ pa mí."

Kò sí èyí tó gbà fún ẹnì kejì. Ẹ̀rín ni wọ́n fi parí rẹ̀. Mo jókòó sáàárín wọn, mo ń rò ó pé èmi tí mo ti gbé nínú ooru méjèèjì, tí mo máa ń fi Sókótó halẹ̀ mọ́ àwọn ará ilé, n kò lè dá ẹjọ́ náà.

N kò tíì lè dá a títí dòní. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń ti òkè Ọya wá sí ilé-ìwé wa máa ń sọ fún mi pé ooru ibí fẹ́ pa wọ́n, àwọn olùkọ́ yòókù á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi á fa àga sún mọ́ wọn, n ó ní kí wọ́n sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n fún mi, n ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ìyá mi ò ráhùn ooru rárá títí di ọjọ́ tó ṣubú. Ara rẹ̀ kò bá a sọ ohunkóhun, kò sì sí ẹni tó mọ̀ láàárín wa pé ó yẹ ká béèrè.