Àwòrán Kẹta

Rúlà ni gbogbo ilé iṣẹ́ irin ń pe ẹ̀gbọ́n mi, kò sì bínú sí i rí. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó nídìí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń ya ohun tí àwọn wẹ́dà yóò gé lára irin. Pẹ́ńsù rẹ̀ máa ń mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ, aránṣọ sì ni mí. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan rẹ́sà tó fi ń pa ìlà rẹ́, ó lè má bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Èèyàn líle ni.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó fi ìdérí páànù bísíkíìtì kọ́ mi ní nǹkan kan. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní kí n wò ó láti òkè. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ó gbé etí kan rẹ̀ sókè kó lè dà gẹ̀rẹ́, ó ní kí n tún wò ó. Ló bá kúrú lójú mi. Ó ní ìdérí ò kúrú o, ojú ló ń tàn mí, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń ya irin tó bá dà gẹ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta: bó ṣe rí láti iwájú, bó ṣe rí láti òkè, àti ìkẹta tó ń fi bó ṣe tóbi gan-an hàn, bí ẹni pé wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi àwòrán òkè gé irin, irin rẹ̀ kò ní dé ibi tó ń lọ.

Ọkọ mi ni olórí àwọn tó ń gé irin níbẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí kì í fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí wọ́n bá ní kí Rúlà ya ife omi, á ya ife, á ya omi, á tún ya òùngbẹ. Àwọn méjèèjì a sì jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ó sọ níwájú máníjà pé àwòrán kẹta yẹn, ìfìwéṣòfò ni. Máníjà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín, ó kó ìwé rẹ̀, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni àrọ ńlá kan tí wọ́n á máa da ọkà sí, irin mẹ́rin tó dà gẹ̀rẹ́ ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi fi àwòrán òkè gé àwọn irin náà. Wọn ò kan ara wọn. Ọjọ́ kejì ni àwọn tó ni ín máa wá gbé e, àyè àtigé òmíràn ò sí, ló bá fi abala irin dí àlàfo náà. Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n da ọkà kún inú àrọ náà ni ibi tó dí já. Ọkọ mi tó lọ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe gbé e wálé fún mi.

Máníjà pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó pe èmi náà. Ó na ìwé àwòrán sókè, àwòrán mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó ní ìkẹta wà níwájú olóògbé, kò wò ó, àìbìkítà ara rẹ̀ ló pa á. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó ń wo ilẹ̀. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Èmi náà gbà á gbọ́, mo tiẹ̀ ń bínú sí òkú.

Oṣù keje lẹ́yìn náà, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọbìnrin mi ní iṣẹ́ àwòrán nílé ẹ̀kọ́ ya irin gẹ̀rẹ́ sójú pátákó, ó sì sọ ìtàn wẹ́dà kan tí kò wo àwòrán tó fi kú. Kò mọ̀ pé ọmọ wẹ́dà náà ló jókòó síwájú òun. Ọmọ mi délé, kò jẹun. Ó ní òun ò gbà, bàbá òun ò lè ṣe irú ẹ̀. Ló bá ṣí àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń tú u. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó bá páálí kan. Ọkọ mi máa ń lẹ ìwé àwòrán tí wọ́n bá fún un mọ́ páálí kí epo má bàa bà á jẹ́. Àwòrán àrọ yẹn ni, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwòrán méjì. Ibi tó yẹ kí ìkẹta wà, funfun báláú.

Ọmọ mi ní òun máa mú un lọ bá olùkọ́ lọ́la. Mo ní rárá. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí n kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí páálí náà, ńṣe ló jókòó. Ó ní inú ló bí òun, òun ní kí ẹni tó gbọ́n ju òun lọ wá ìkẹta fúnra rẹ̀.

"Ọjọ́ tó kú gan-an ni mo ya ìkẹta sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi," ó ní. "Wọn ò tíì gbé òkú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Mo ti ń fa ìlà kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe."

Láti kékeré, mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ìwọ" rí.

"Ìwọ lo máa sọ ọ́ fún wọn," mo ní. "Ìwọ fúnra rẹ."

Ó ní òun á sọ ọ́ ní Mọ́ńdè. Ó ní kí n fi páálí náà sílẹ̀, pé máníjà ò ní gba òun gbọ́ láìrí i. Ó ń sunkún. Mo fún un.

Mọ́ńdè kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Túsìdeè náà kọjá. Ní Wẹ́sìdeè, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ò dìde.

"Mo ti dáná sun páálí yẹn," ó ní.

Ó ní ó ku ọdún méjì kí òun fẹ̀yìn tì, kí n ro tàwọn ọmọ òun náà. Inú mi bà jẹ́ débi pé mi ò lè bú u. Mo padà sílé.

Ọmọ mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

"Èmi ni mo rí i, Màámi," ó ní. "Ẹ bá ti jẹ́ kí n mú un lọ."